Ọ̀RỌ̀ LÁTI ÒKÈÈRÈ

Balógun ọ̀rún ti Kapernáúmù kò bẹ̀bẹ̀ pé kí Jésù dé ilé òun. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó bèèrè, a sì mú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ láradá ní wákàtí náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí, nígbà náà, pé ìtọ́jú ọkàn tí a gbà lórí tẹlifóònù kì í ṣe ìtọ́jú.

Nígbà tí oorun bá dá lójú àwa ará Òkè Ọya, tí ọkàn wa sì rẹ̀wẹ̀sì, èdè wo ni a ó fi sọ ọ́? Ẹni tí ó ń fi Hausa ná ìgàn aṣọ dáradára lè má rí ọ̀rọ̀ fún ikú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onítọ̀ọ́jú ọkàn tí ó gbọ́ Yorùbá lè jókòó ní Abẹ́òkúta, kí ó máa bá ẹni tí ó wà ní Kánò sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìti ìsọ̀ pa, láìsí ojúlùmọ̀ tí yóò rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. (Ẹni tí ó bá ń ro àtipa ara rẹ̀, ẹ má dúró de tẹlifóònù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.)

Ibi ìkọ̀kọ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n nínú ilé ayálégbé. Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́. A kì yóò bi yín léèrè ohunkóhun.