Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọmọ mi obìnrin fi kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan ta mí lọ́rẹ, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ti ṣàkíyèsí pé mo máa ń na ìwé jìnnà sí ojú kí n tó lè kà á, ni ó bá wá èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù lọ nínú àwọn tí apá rẹ̀ ká. Nígbà tí mo gbé e lé itan, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé mo gbé àtẹ kékeré kan kalẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó tutù lọ́wọ́, ó sì ń dán bí omi inú àwo. Ìka lásán ni a fi ń kàn án lójú, tí yóò sì jẹ́ ìpè bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè Yorùbá mọ̀ pé orí àmì ni ìtumọ̀ dúró lé. Bí àmì ohùn bá sọnù, a kò ní mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni òǹkọ̀wé ń wí, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí n kò ti rí àwọn àmì wọ̀nyí dáadáa mọ́ nínú ìwé tí a fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀; àméfò ni mo fi ń kà wọ́n. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yìí, bí mo bá fi ìka méjì fẹ ojú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan a tóbi tó èékánná, àmì orí rẹ̀ àti èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a sì yọ ketekete. Mo kàwé títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn bí ti ọmọ tí a ra bàtà ọdún fún.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo kó sínú rẹ̀. Lára wọn ni oríkì orílẹ̀ wa, èyí tí àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, kì ní Ẹdẹ ní ọdún 1996. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi gbà á sílẹ̀ nígbà náà. Mo dà á kọ, mo tú u palẹ̀, orí rẹ̀ ni mo sì dúró gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé ti ọmọ mi fún mi lẹ́bùn, a ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Màmá ni wọ́n máa ń ki ìyàwó kí ó tó jáde nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ohùn sì há wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n ní, 'Àkànní, ìwọ ni o gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Dìde, kí o ki ọmọ rẹ.'

Mo dìde. Mo ṣí oríkì náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè, n kò fo ìlà kan. Ẹ̀rọ náà kò kú, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ń wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì gbẹ. Àwọn obìnrin ilé tí wọ́n máa ń gbe oríkì lẹ́sẹ̀ dákẹ́, nítorí pé wọn kò rí ojú mi tí wọn yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti gbè é. Nígbà tí mo padà jókòó, Màmá rọra fà mí lápá. Wọ́n ní, 'O pè é dáadáa, Àkànní. Ṣùgbọ́n ta ni ò ń kì?'

N kò rí èsì fọ̀. Ẹnikẹ́ni tí a bá ti kì rí mọ̀ pé ẹni tí ó ń kini kì í gbé ojú kúrò lára ẹni. Bí ó bá rí i pé orúkọ baba ńlá kan mú kí orí wú, yóò padà sórí rẹ̀, yóò tún un pè. Bí ó bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan fẹ́ ta bá egbò àtijọ́, yóò yà á sílẹ̀. Ojú ìyàwó ni ó yẹ kí n máa kà lọ́jọ́ náà. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo kà. Ìbéèrè tí mo gbé kúrò ní Ẹdẹ nìyí: ǹjẹ́ ẹni tí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni a lè pè ní ẹni tí ó mọ̀?

N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Kí tábúlẹ́ẹ̀tì tó dé rárá, n kò mọ oríkì náà lórí. Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó wà nínú ìwé, mo sì rò pé ó ti tipa bẹ́ẹ̀ wà nínú mi. Mo gba oyè lórí oríkì tí n kò lè kì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi pàápàá kò fura, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí n dìde. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe kò ju pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ihò tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Orúkọ tí ìpínlẹ̀ wa fún irú ẹ̀rọ yìí nígbà kan ni ó ràn mí lọ́wọ́ láti rò ó jinlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé iPad àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2010, ojú rẹ̀ kò sì tó íǹṣì 10. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣe èyí tí ojú rẹ̀ tó íǹṣì 12.9. Láàrin ọdún méjèèjì yìí, ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe ìfilọ́lẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 150,000 ni ìjọba ní lọ́kàn láti fún. Ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ 17 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà dùn létí, ó sì jẹ́ kí ohun àjèjì wọlé bí ọmọ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọpọ́n tí a ti yá orúkọ náà. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tí ó wà nínú wọn kò sì lóǹkà. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹsẹ wọ̀nyí tí ó wà nínú ọpọ́n. Igi gbígbẹ́ ni ọpọ́n. Babaláwo yóò da ìyẹ̀rosùn sí i, yóò tẹ odù tí ó bá jáde, yóò sì ki Ifá. Bí ó bá parí, yóò fi ọwọ́ pa á rẹ́, ọpọ́n yóò tún di òfìfo. Orí babaláwo ni ilé ìmọ̀. Ọpọ́n jẹ́ ibi tí ìmọ̀ ti ń pàdé ọ̀ràn ẹni tí ó wá dáfá. Kò tán síbẹ̀. A máa ń gbẹ́ ojú sí etí ọpọ́n, ojú Èṣù ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, ọ̀kánkán babaláwo ni a sì ń kọ ọ́ sí. Bí babaláwo ti ń wo ọpọ́n, ojú kan ń wò ó padà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ti yí ètò yìí po: ọpọ́n ni ó kún, orí ẹni tí ó gbé e dání ni ó lè ṣófo. N kò sọ èyí láti fi bu àwọn tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ a máa roni. Bí a bá pe nǹkan ní ọpọ́n, a ti gbà pé ẹni tí yóò jókòó nídìí rẹ̀ ní láti kọ́ nǹkan sórí.

Igi pẹlẹbẹ mìíràn tún wà ní Ẹdẹ tí ó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ̀sìn Ìmàle ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà ayé Tìmì Àbíbù Lágunjú, ọ̀kan nínú àwọn ọba Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà. Ní ilé kéú, orí wáláà ni ọmọ ti ń fi tàdáà kọ ẹsẹ Kùránì. Àfáà kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wáláà rẹ̀ kí ó tó kà á láìwò ó. Bí ó bá ti kọ́ ọ sórí, a fọ̀ ọ́, a sì kọ òmíràn sí i. Fífọ̀ ni ẹ̀rí pé ìmọ̀ ti kúrò lára igi bọ́ sínú ènìyàn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ kò nílò kí a fọ òun láéláé, àyè inú rẹ̀ kò tètè kún. Nítorí náà, kò sí àfáà kan tí yóò ní kí á gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kí òun gbọ́ ohun tí a mọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé orí ènìyàn ń gbàgbé, ènìyàn sì ń kú, pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ yóò rá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí n kò bá gba ohùn Màmá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kì lọ́jọ́sí ni ìbá ti sọnù. Ẹ̀rù tí ó ń bà mí yìí kì í sì í ṣe tuntun. Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ìtàn ọba Íjíbítì kan tí ó kọ̀ láti yin ìmọ̀ọ́kọ, nítorí pé yóò sọ ènìyàn di onígbàgbé. Bẹ́ẹ̀ kíkọ ni Plato kọ ìtàn náà sílẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Ẹdẹ wa níbí, Tìmì John Adétóyèsè Láoyè, tí wọ́n wà lórí oyè láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé dùndún kọ́ apá, ọwọ́ ọba ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ kò gba ìlù lọ́wọ́ wọn. Ìwé ní ipò tirẹ̀, ọwọ́ ní ipò tirẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan bá jókòó sórí àga èkejì ni aburú bẹ̀rẹ̀.

N kò gbà pé dandan ni kí gbogbo ìmọ̀ wà lórí. Ìwé atúmọ̀ èdè, òǹkà, déètì, ìwé òfin: kí ẹ̀rọ máa bá wa tọ́jú wọn, ọpẹ́ ni fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní ìwúlò àfi bí ẹnìkan bá dúró níwájú ẹnìkejì. Oríkì jẹ́ ọ̀kan, ìwúre jẹ́ ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtùnú fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fún wa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fún wa láti tọ́jú nìkan. Gbèsè ni, ojúkojú ni a sì ń san án. Ẹ̀rọ lè bá mi tọ́jú gbèsè náà; kò lè bá mi san án.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ráyè, mo máa ń lọ jókòó ti Màmá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn ti ọdún 1996 nínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ti ọjọ́ náà nìyẹn. Bàbá rẹ jókòó síbẹ̀, òun ni mo ń kì.' Nínú gbogbo ojú ewé tí mo kọ lórí oríkì náà, kò sí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé bàbá mi wà níbẹ̀. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń kì í fún.

Mo da ojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ lórí ẹní, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ ìdajì rẹ̀ báyìí. Bí mo bá ṣìnà, mo ń yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì wò ní alẹ́ kí n tó sùn, lẹ́tà rẹ̀ a sì yọ ketekete sí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé ọjọ́ tí òun bá bímọ, èmi ni n ó wá ki ọmọ náà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni ìdánwò mi. Mo ti pinnu pé ọwọ́ òfo ni n ó gbé lọ.