Orí, Ẹsẹ̀, àti Ọwọ́ Tó Ń Tọ́jú Ẹsẹ̀

Kò sí ọjọ́ ìsinmi tí ilẹ̀ mọ́ ní Àlímọ̀ṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí wọ Ìgàndó, tí ẹnìkan kì í dìde nínú ìjọ kan láti jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ òun tí ó ṣẹ́ lórí pápá ti jinná. A ó pàtẹ́wọ́, a ó kọrin, a ó sì gbé ògo fún Ọba atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, bí ó ti tọ́ tí ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi yìnyín tẹ ẹsẹ̀ náà, tí ó di báńdéèjì mọ́ ọn, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ìrìn, a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí a bá fi ògo fún Ọlọ́run láìdárúkọ ọwọ́ tí Ó lò, ṣé ọpẹ́ náà pé?

Àwọn baba wa ti rò ó. A gbọ́ nínú Ifá pé gbogbo orí pe ara wọn jọ láti gbìmọ̀, wọn kò sì ké sí ẹsẹ̀. Ìpàdé náà di ìjà, kò sì yanjú títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Orí, àtètè-níran, ni ó yan ìpín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó ń gbé ìpín rìn. Èmi á fi ẹ̀kẹta kún un, nítorí ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí, ẹsẹ̀ tó bá sì ṣẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò tò ó. Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa mọ èyí: wọn a ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì máa tọ́jú òun pẹ̀lú aláìsàn, ní ìgbàgbọ́ pé lọ́jọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn náà yóò rìn. (Adìẹ ni mo káàánú jù.)

Iṣẹ́ físíò, tí í ṣe ìbátan iṣẹ́ àwọn tó ń to eegun, ilé ìwòsàn eegun Ìgbòbì l'Ékòó ni ó ti ta gbòǹgbò nílẹ̀ wa ní 1945, nígbà tí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí ìjọba sì mú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì méjì, Miss Manfield àti Mr Williams, wá tọ́jú wọn. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní iṣẹ́ náà dé oyè. Lọ́dún yẹn kan náà, Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ ni àwọn yunifásítì wa ti kọ́kọ́ pàdé fún ìdíje eré ìdárayá NUGA. Ìlú kan, ọdún kan, ni ó bí eléré ilé ìwé àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan ni a ń kọrin rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ kan wà, aláwọ̀ dúdú tí ń jẹ́ Naseby Rhinehart, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣeré fún Yunifásítì Montana. Ó di olùtọ́jú àwọn eléré ibẹ̀ ní 1935, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 1982. Ẹ rò ó wò: fún ọdún 47, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí dúdú àti funfun kò lè jókòó jẹun pọ̀ níbi púpọ̀ nílẹ̀ náà, àwọn ọmọ funfun ń na ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ fún ọwọ́ dúdú láti dì. Òun ni dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú eléré ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí ẹnìkan bá ní ìpín ẹ̀yìn ni ó yàn lọ́run, n ó ní kí ó tún inú rò, nítorí ẹni ẹ̀yìn yìí ni ojú eléré ń wá bí ó bá ṣubú.

Àtakò kan wà tí n kò lè fò dá. Bí a bá ń yin ọwọ́ nígbà tí ara yá, ta ni a ó bi nígbà tí kò yá? Ní 12 Oṣù Kẹjọ 1989, Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù wa, ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè l'Ékòó nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́; ìgbà tí ó kú tán ni a tó mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti wú. Ní 1996, àwọn dókítà yẹ ọkàn Nwankwo Kanu, agbábọ́ọ̀lù wa mìíràn, wò ní Milan, wọ́n rí àléébù rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sórí pápá. Àwọn kan ní àkúnlẹ̀yàn oníkálukú ni. Bí wọ́n bá tún fi kún un pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, n kò ní gbà fún wọn: ọwọ́ tètè kan ọ̀kan, kò tètè kan èkejì.