Ta Ló Gbé Afárá Oyin Sílẹ̀?

Iyaro ni mo ń gbé nílùú Bìní. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ran bàbá kan nínú ìjọ wa lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń sin oyin lẹ́yìn ìlú. Lóṣù August tó kọjá, nígbà tí òjò pọ̀ tí òdòdó sì wọ́n, mo ṣí àpótí oyin méjì láti yẹ̀ wọ́n wò. Mo pẹ́ kí n tó pa wọ́n dé, mo sì gbàgbé afárá kan tí oyin ń kán lára rẹ̀ sórí koríko.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Òórùn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń mọ ará ilé wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti inú àpótí tó lágbára pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n ń pa wọ́n, wọ́n ń kó oúnjẹ wọn lọ. Bàbá sáré fi koríko dí ẹnu àpótí tí wọ́n ń jà lólè, àyè oyin kan tàbí méjì péré ló kù. Wọ́n da aṣọ tútù bò ó, wọ́n sì gbé afárá náà kúrò nílẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, àpótí náà ti ṣófo.

Mo ní ká dáná sun àwọn olè yẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, oyin kò mọ òfin Mósè. Ta ló gbé afárá sílẹ̀ lásìkò ìyàn?"

Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Ní sáà ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, arákùnrin kan nínú ìdàpọ̀ wa ná owó ọrẹ. Èmi akápò ni mo máa ń gbé àpò owó fún òun nìkan, láìkà á. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í rí jẹ dáadáa látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Àdúrà nìkan la gbà fún un. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, èmi ni mo kọ́kọ́ ní ká yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé kò jẹ̀bi ni? Ó jẹ̀bi. Ènìyàn kì í ṣe oyin. Ó mọ òfin, ó sì ní ẹnu láti sọ pé ebi ń pa òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ kò pa tiwa rẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ wo Léfítíkù orí 19: kí Ọlọ́run tó pàṣẹ níbẹ̀ pé ká má jalè, ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ fún olóko pé kó fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún tálákà. Olóko ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Mo ti lọ bá arákùnrin náà ní yàrá rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì fún ipa tèmi. Òun náà ń dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, ẹni méjì ló ń ka owó ọrẹ, a sì ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa láàárín wa.

Ará, kí a tó pariwo olè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wa, bóyá afárá oyin wà nílẹ̀ níbẹ̀.