Ajá Tí A Ti Kìlọ̀ Nípa Rẹ̀

Òfin kan wà nínú Ẹ́ksódù orí 21, ẹsẹ 28 àti 29, tí a kì í sábà kà nínú ìsìn. Bí akọ màlúù bá kan ènìyàn pa, ẹni tí ó ni ín kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a kìlọ̀ fún ẹni náà, tí kò sì sé e mọ́, ẹ̀jẹ̀ dọrùn rẹ̀.

Ajá ni àwa ń sìn lónìí, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ ó sú wa láti máa gbọ́ “Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan” lẹ́nu ẹni tí ajá rẹ̀ ti bu ọmọ aládùúgbò jẹ rí. Ẹni tí ń dẹ ajá sí àlejò kí ó lè rẹ́rìn-ín, ta ni ó kọ́ ajá náà ní ìbínú?

Ẹ má gbàgbé dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè. Ní 1885 ni Louis Pasteur mú kí a gún ọmọdé kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹsẹ 30 fi àyè ìràpadà sílẹ̀ fún ẹni tí a ti kìlọ̀ fún. Kí ó kọ́kọ́ san owó abẹ́rẹ́ ọmọ náà, kí ó tó wá bi wá bóyá kí òun pa ajá.