Ṣé Pánlá Òyìnbó Hàláálì Ni?

Ìbéèrè kan wá láti Ìta Fájì. Arákùnrin wa kan kọ ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi pánlá gbígbẹ sè, ó ní kèfèrí ló pa ẹja náà. Ìyá sunkún.

Pánlá yìí, tí àwọn Íbò ń pè ní okporoko, ẹja kọ́ọ̀dù inú omi tútù ni. Erékùṣù Lofoten ní ilẹ̀ Nọ́wè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Wọn a so ó kọ́ sórí igi níta láti Fẹ́búárì títí di Mééì. Atẹ́gùn àti òtútù níí gbẹ ẹ́. Wọn kì í fi iyọ̀ pàápàá sí i.

Suratul Má'idah, áyà 96, ṣe ẹja omi ní ẹ̀tọ́ fún wa. Ẹran orí ilẹ̀ ni à ń dúńbú, a kì í dúńbú ẹja. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ọmọ ogun 300, tí Abu Ubaydah ṣe olórí wọn, rí ẹja ńlá kan tí òkun gbé jù sí etí omi. Ebi ti pa wọ́n débi pé èso dàbínù kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lóòjọ́. Òkú ni wọ́n bá ẹja náà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Mẹdínà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba díẹ̀ nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ta ló pa ẹja yẹn?

Ohun tí ó yẹ kí arákùnrin wa bẹ̀rù wà nínú Suratul Isrá', áyà 23: kò gbọdọ̀ ṣe ṣíọ̀ sí ìyá rẹ̀. Kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ó sì bu ọbẹ̀ náà jẹ lójú rẹ̀.