Ta Ló Ń Ran Ta Lọ́wọ́?

Ní oṣù October 2019, àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìbàdàn jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi mọ́. Hacktoberfest ti dé, ètò tí DigitalOcean dá sílẹ̀ ní 2014. Ẹni tó bá fi pull request mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwọn iṣẹ́ open source láàárín oṣù náà lè gba ẹ̀wù ọ̀fẹ́. A fẹ́ ẹ̀wù yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ aṣọ ọdún. A ò mọ ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ tó tọ́ sí wa, la bá wọ inú iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, a fi kọ́mà kan kún README wọn, a tẹ bọ́tìnì, ó parí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà dá wa lóhùn. Kò bú wa. Ó kàn béèrè pé kí ni àtúnṣe yìí ṣe fún ẹni tó ń lo iṣẹ́ yìí. A ò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn àbúrò wa máa ń bi wá báyìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, níbo la ti lè rí iṣẹ́ open source tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa: tí a bá débẹ̀, ṣé a ń lọ ṣèrànwọ́ ni, àbí a ń lọ gba ìrànwọ́?

Àwọn baba wa mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àáró, tí Àjàní bá bá Àkànní roko lónìí, Àkànní náà á bá a ro tirẹ̀ lọ́la. Gbèsè ni, àwọn méjèèjì sì mọ iye tó jẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó níṣẹ́ á kéde, àwọn èèyàn á wá, òun náà á sì fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀wẹ̀ ni open source jọ jù. Linus Torvalds kéde Linux ní 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, àwọn tí kò rí i rí sì gbé ọkọ́ wá. Tó bá jẹ́ fóònù Android lẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, Linux wà nínú rẹ̀. Ẹ ò sì bá wọn ro ebè kan níbẹ̀.

Ọmọdé náà máa ń tẹ̀ lé àgbà lọ sí ọ̀wẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ pọnmi, tàbí kí wọ́n fún un ní igun kékeré kan. Àgbà tó fún un ní igun yẹn mọ̀ pé òun ìbá ti ro ó tán kí òun tó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Ohun tí àmì "good first issue" lórí GitHub túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí àwa náà fi gbé irinṣẹ́ kékeré kan síta, èyí tó ń ṣètò bí iye owó náírà ṣe máa hàn lójú ìwé. A rí àṣìṣe kan tí a lè tún ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan la fi kọ àlàyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì yẹ iṣẹ́ ọmọ tó wá ṣe é wò kó tó dáa. Ta ló ran ta lọ́wọ́ níbẹ̀? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan ẹnikẹ́ni nípa èrò ọkàn wa. Tí àṣìṣe bá ti kúrò, ó ti kúrò, ì báà jẹ́ torí CV la ṣe ṣe é. A gbà díẹ̀ níbẹ̀. Ebè tí ẹni tí ebi ń pa kọ, ebè náà ni. Nílùú tí wọ́n ti ń béèrè ìrírí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́ àkọ́kọ́, wíwá CV kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ ẹ rántí xz. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi ohun tó ju ọdún méjì lọ ṣe iṣẹ́ tó dáa níbẹ̀, títí tí wọ́n fi fọkàn tán an. Ní 2024 ló wá ri ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ inú rẹ̀. Andres Freund ló tú àṣírí náà, torí ó ṣàkíyèsí pé SSH ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Èrò ọkàn ò hàn nínú kóòdù, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu ibi tí kóòdù ń lọ.

Tiwa ò burú tó yẹn o. Síbẹ̀, a ná ohun tí kì í ṣe tiwa. Ọ̀fẹ́ ni kóòdù. Àkókò ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní 2020, pàǹtírí bíi tiwa pọ̀ débi pé Hacktoberfest yí òfin rẹ̀ padà láàárín oṣù náà: iṣẹ́ tí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n máa kà.

Níbo wá ni kí ẹ lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ẹ̀ ń lò, níbi tí àṣìṣe ti ń dun ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ ka CONTRIBUTING wọn. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n gba pull request kẹ́yìn. Tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ó ṣeé ṣe kí oko yẹn ti di igbó. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dá àwọn àlejò lóhùn. Tí ẹnìkan bá ti kọ̀wé nípa àṣìṣe kan, ẹ gbìyànjú ẹ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tiyín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kò sì gba kóòdù.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mozilla Common Voice ń gba ohùn Yorùbá: a máa ń ka gbólóhùn sókè, a sì máa ń gbọ́ ti ẹlòmíràn láti mọ̀ bóyá ó kà á re. Ọ̀gá nínú kóòdù tí kò gbọ́ èdè wa lè má mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Níbẹ̀, ẹ̀yin ni àgbà.

Ní 2021, a padà sí iṣẹ́ tí a fi kọ́mà dà láàmú yẹn. A rí i pé ìlànà bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí Windows ò ṣiṣẹ́ mọ́. A dán an wò lálẹ́ ọjọ́ méjì, a kọ ìlà mẹ́ta, a sì sọ ẹni tó máa ràn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bi wá. Wọ́n gbà á. Gbèsè wa ò tíì tán ṣá. Kì í sì í ṣe ọkùnrin yẹn la máa san án fún: ọmọ tó máa fi kọ́mà wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́la ló ni ín.