"Sọ́rì" Fúyẹ́ Lẹ́nu Àgbà

Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, kó tó dìde, ẹni mẹ́ta á ti kí i pé, "Sọ́rì o!" Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè wò yín títí, kó ní, "Kí lẹ ṣe? Ṣé ẹ̀yin lẹ tì mí ni?" Lójú tirẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi ló yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Àwa ní tiwa, "pẹ̀lẹ́" la wọ̀ lẹ́wù òyìnbó.

Ta ló wá ṣì í sọ? Ó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ọ̀rọ̀ náà ní "sarig". Inú "sar" ló ti jáde, ìyẹn ìrora tàbí egbò. Òun náà ló di "sore" tí wọ́n ń pe egbò lónìí. Ọ̀pọ̀ ló rò pé "sorrow" ló bí i, ṣùgbọ́n ìdílé ọ̀tọ̀ nìyẹn ti wá. Ẹni tó bá ní òun "sọ́rì" láyé ọjọ́un, ohun tó ń wí ni pé, "Ó ń dùn mí." Ẹ ò rí i pé àwa tá à ń sọ ọ́ fún ẹni tó ṣubú ò jìnnà sí orísun rẹ̀ rárá!

Ibi tó ti kàn mí rèé. Lọ́dún kan, owó mi sọnù nínú ilé. Mo pe ọmọ mi lólè lójú gbogbo ará ilé. Lọ́jọ́ kẹta, mo bá owó náà lápò dàńṣíkí mi. Mo ní, "Háà, sọ́rì o." Ọmọ náà ò fèsì.

Nígbà tó yá ló yé mi. Àwọn baba wa ti pín in: "pẹ̀lẹ́" ni ti ẹni tí nǹkan ṣe, "má bínú" ni ti ẹni tí a ṣẹ̀. "Sọ́rì" kó méjèèjì sápò kan, èmi wá fi pẹ̀lẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ tíì kúnlẹ̀!

Mo pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ kan, níwájú àwọn tí mo ṣe pè é lólè. Mo ní, "Má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi." Ó dùn mí wọra kí n tó sọ ọ́ tán. "Sarig" gan-an nìyẹn.